Iná Mẹ́ta Nínú Ayé Àjàyí Crowther

Bóyá ni a lè rí ọmọ ilé-ìwé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò tí ì gbọ́ orúkọ Samuel Àjàyí Crowther rí. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n sí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà, a sì mọ̀ ọ́n sí aṣáájú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ohun tí a kì í sábà sọ nípa rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni iná pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà ayé, àti pé iná kẹta gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀, àti lọ́wọ́ gbogbo àwa tí ń sọ èdè Yorùbá, tí owó kò lè rà padà. Ọ̀nà iná mẹ́ta yìí ni èmi yóò gbà sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

A bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1809 ní ìlú Òṣoògùn, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Àfàlà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ìlú ńlá ni Òṣoògùn ní ayé ìgbà náà, odi yí i ká, ó sì ní ẹnubodè mẹ́fà. Bí wọ́n ti ń kọ́ ilé káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà ni wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀. Amọ̀ ni ògiri, ó nípọn, iná kò sì lè fi ṣe ohunkóhun. Ṣùgbọ́n igi àti koríko bẹẹrẹ ni òrùlé. Ilé kan kì í sì í dá dúró. Agbo-ilé ni, etí òrùlé ọ̀kan a máa kan etí òrùlé èkejì, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè rìn láti ìyàrá dé ìyàrá nígbà òjò láìjẹ́ pé omi kán sí i lórí. Ohun tí ó dára fún òjò yìí kò dára fún ọyẹ́. Bí iná bá ta láti ìdí ààrò nígbà tí koríko ti gbẹ, kì í pẹ́ kí ó tó gun òkè, bí ó bá sì ti gun òkè, ìyàrá ẹnìkan kọ́ ni yóò jó mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Ilé-Ifẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún yín ohun tí iná ń ṣe sí ewéko gbígbẹ. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pa ìtàn Mọrèmi fún yín: bí àwọn tí ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú ti ń fi ìkó bo ara wọn tí àwọn ènìyàn fi ń rò pé ebọra ni wọ́n, bí Mọrèmi ti jẹ́ kí wọ́n mú òun lọ kí ó lè mọ àṣírí wọn, àti bí ó ti padà wá sọ fún àwọn ará ilé pé ògùṣọ̀ ni kí wọ́n gbé pàdé wọn. Ẹ rántí pé irú ohun gbígbẹ tí ó gbẹ̀yìn bẹbọ fún ọ̀tá Ifẹ̀ lọ́jọ́ náà ni àwọn baba ńlá wa fi bo orí ilé wọn, tí wọ́n sì ń sùn sábẹ́ rẹ̀ lálaalẹ́.

Àwọn tí ó kọ ìtàn ayé Àjàyí sọ pé nígbà tí ó ṣì wà ní ọmọdé, iná sọ ní ilé bàbá rẹ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku. Ọmọdékùnrin yìí kò sì lé eku. Ó sá wọ inú ilé, ó kó àwọn ère òrìṣà bàbá rẹ̀ mọ́ra, ó sì gbé wọn jáde kí iná tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn aládùúgbò yìn ín, wọ́n sì sọ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ yìí yóò di abọ̀rìṣà ńlá, àti pé òun ni yóò tún gbé òrìṣà ró ní ilẹ̀ àwọn. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí àsọtẹ́lẹ̀ náà já sí.

Èmi kò sọ èyí kí ọmọ kankan lè máa sá wọ inú iná. Èéfín a máa pa ènìyàn kí ọwọ́ iná tó kàn án rárá, ẹni tí ó bá sì ti jáde nínú ilé tí ń jó kò gbọdọ̀ padà wọlé, ì báà ṣe wúrà ni ó gbàgbé síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyèsí nínú ìtàn náà yàtọ̀. Ohun kan wà ní ilé náà tí gbogbo ará ilé gbà pé kò gbọdọ̀ jó, ibi tí ó wà kò sì ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni; ọmọ kékeré pàápàá mọ̀ ọ́n. Ilé mélòó ni a lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ lónìí? Bí iná bá sọ ní ilé yín lóru òní, ta ni nínú yín ni ó mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ bàbá yín wà?

Iná kejì kò ti ìdí ààrò wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, nígbà tí Àjàyí tó ọmọ ọdún méjìlá, tí àwọn obìnrin ń tọ́jú oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ariwo ta pé ogun ti dé. Àwọn Fúlàní àti àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ wà nínú àwọn ológun náà, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi yí ìlú ká. Bàbá Àjàyí kúrò lójú ìjà, ó wá sí ilé, ó ṣe àmì sí wọn pé kí wọ́n máa sá lọ, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn tí ń jà. Ìgbà ìkẹyìn tí ọmọ náà fojú rí bàbá rẹ̀ nìyẹn. Òun àti ìyá rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ méjì àti ọmọ ìyá kan, inú igbó ni okùn ti bọ́ sí wọn lọ́rùn. Bí àwọn ológun ti ń fà wọ́n jáde kúrò ní Òṣoògùn, ìlú náà ń jó. Bí iná bá sọ ní ọjọ́ àlàáfíà, àwọn ọkùnrin a gun òrùlé, wọn a ya koríko ilé tí ó kàn án dànù kí iná má baà rí ibi gbà kọjá, àwọn obìnrin a sì máa pọnmi wá láti inú àmù. Ní ọjọ́ yìí, àwọn tí ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti wà nínú okùn, tàbí kí wọ́n ti kú.

Èmi kò ní pẹ́ lórí ohun tí ó tẹ̀lé e, nítorí ó wà nínú ìwé ìtàn tí ẹ ti kà. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin ní Ìsẹ́yìn, wọ́n sì tún dá a padà nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń tà á títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti rà á. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Myrmidon gba ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì di òmìnira. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé kíkà, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1825 wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ọ̀pọ̀ àlùfáà àti olùkọ́ ilẹ̀ wa ti jáde lẹ́yìn náà.

Iṣẹ́ èdè ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Ní ọdún 1841, Crowther bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì gòkè Odò Ọya. Ní 1843 wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún yẹn kan náà ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ó wọ Àbẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, kò sì tíì lo oṣù kan níbẹ̀ tí òun àti ìyá rẹ̀ fi tún rí ara wọn, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n wo ara wọn títí, ẹnu wọn kò sì gba ọ̀rọ̀. Ìwé Róòmù jáde ní èdè Yorùbá ní 1850. Ní 1852, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ náà tún jáde, ó ti pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, òwe sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé inú ìyàrá ni ó jókòó sí tí ó ń fi ọpọlọ hùmọ̀ ọ̀rọ̀. Etí ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó kúrò ní ilé ní ọmọ ọdún méjìlá, Yorùbá ọmọdé ni yóò gbé lọ. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́jọ́, ọ̀rọ̀ oníṣègùn, ọ̀rọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ àti ti àwọn babaláwo, kò tíì tó èyí tí ọmọdé ń gbọ́. Àgbàlagbà ni Crowther kí ó tó máa wá wọn kiri. Ní 1857, ọkọ̀ Dayspring tí ó wọ̀ lọ sí òkè Odò Ọya fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà. Ẹlòmíràn ì bá ka èyí sí òfò gbáà, ṣùgbọ́n Rábà kò jìnnà síbẹ̀, Rábà sì wà lójú ọ̀nà àwọn oníṣòwò tí ń ti Ìlọrin lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Ó gbé àgbègbè náà, ó sì gba Rábà àti Ìlọrin wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní 1859. Ní gbogbo ọ̀nà yìí ni ó ti ń dẹ etí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá tíì sí nínú ìwé rẹ̀, bí ó bá ti gbọ́ ọ, a kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi ṣe èyí láìdẹwọ́ lẹ́yìn tí ó parí ìwé tí a tẹ̀ ní 1852.

Ní 1862, ilé rẹ̀ wà ní Èkó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìlú náà ní oṣù kẹjọ ọdún 1861 ni. Omi yí Èkó ká ní tòótọ́, ṣùgbọ́n omi ọ̀sà kì í gun òrùlé fúnra rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ omi, kò sí ẹgbẹ́ panápaná, koríko ni ó sì bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé. Iná kò ṣàjèjì sí àwọn ará Èkó. Ní òpin ọdún 1851, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu ìlú láti lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, apá ńlá nínú ìlú náà ni ó jó; ọdọọdún ni ọyẹ́ sì ń mú irú rẹ̀ tí kò tó ti ogun wá.

Nínú ọdún 1862 yìí ni iná jó ilé Crowther. Ohun tí ó dá iná náà sílẹ̀ kò ká mi lára tó ohun tí ó jó. Àga àti aṣọ ṣe é rà. Ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ tí ó bá jó, a lè rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti kó jọ fún ọdún mọ́kànlá, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí ó sì ń gbèrò láti fi kún ìwé rẹ̀ ní ọdún náà gan-an, inú ilé náà ni wọ́n wà, wọ́n sì jó tán pátápátá. Nígbà tí ó ń ròyìn àdánù náà, ó jẹ́ kí ó yé àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé èyí dun òun ju gbogbo ohun yòókù lọ, nítorí pé owó kò lè rà á padà, òun kò sì lè rántí gbogbo ohun tí òun gbọ́ ní Rábà àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn àgbà ní iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Ti Àjàyí kì í ṣe iná èsìsì.

Ẹ jẹ́ kí a dúró wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹnìkan lè rò pé kí ó kúkú padà lọ bèèrè. Ọ̀dọ̀ ta ni yóò padà sí? Ní ọdún 1862 kan náà ni Ìjàyè fọ́ lọ́wọ́ ogun Ìbàdàn, àwọn ará ibẹ̀ sì fọ́n ká bí èkùrọ́ tí a dà sílẹ̀. Àgbà tí ó pa òwe fún ọ ní ojú ọ̀nà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn lè ti kú, ó lè ti di ẹrú, ó sì lè má rántí òwe náà mọ́ bí ohun tí ó fà á kò bá tún ṣẹlẹ̀. Òwe kì í ṣe owó ẹyọ tí a lè jókòó kà. Ọ̀rọ̀ ni í pè é.

Crowther kì í ṣe aláìbìkítà. Káfíńtà ni, ó mọ bí igi ti ń jó; ọmọ Òṣoògùn ni, ó ti rí i bí ìlú odindi ti ń di eérú. Síbẹ̀, ilé kan ni ó kó gbogbo rẹ̀ sí. Ìwé Róòmù ti 1850 bọ́, ìwé 1852 bọ́, nítorí ẹ̀dà wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wà ní Àbẹ́òkúta, ó sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn; kò sí iná kan ṣoṣo tí ó lè jó gbogbo wọn. Èyí tí ó wà ní ẹ̀dà kan ni iná rí jẹ. Ẹ fi ti àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ wé e. Òun náà fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó fún títẹ̀, ó sì sọnù níbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìrí i. Ṣùgbọ́n àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ìwé náà ṣì wà nílé, inú wọn ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ti tún un kọ, ìwé náà sì jáde ní 1921. Lónìí, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ilẹ̀ wa tí kì í ṣí i.

Ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, tí n kò ní dárúkọ, ẹnìkan ń sun pàǹtí lẹ́yìn yàrá tí a ń kó ìwé pamọ́ sí. Oṣù kìíní ni, ọyẹ́ mú gan-an. Ó fi iná sílẹ̀, ó lọ jẹun. Afẹ́fẹ́ gbé bébà tí ń jó gba ojú fèrèsé tí ó ti fọ́ wọlé, nígbà tí a ó sì fi rí ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́, àjà ti wó. Òrùlé páánù ni o, ògiri búlọ́ọ̀kù ni. A ti rò pé ọ̀rọ̀ iná tán láti ìgbà tí koríko ti kúrò lórí ilé. Àṣé bébà àti pákó inú ilé tó iná í jẹ. Garawa omi mẹ́ta péré ni a rí, ọ̀kan nínú wọn sì ń jò. Ní ọdún kejì, ìyá àgbàlagbà kan tí ó ti ṣe olùkọ́ níbẹ̀ wá, ó fẹ́ kí a fún òun ní ẹ̀rí ọdún tí òun fi ṣiṣẹ́ kí wọ́n lè san owó ìfẹ̀yìntì òun. Ìwé tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ti jó. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún ìgbà pípẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó sì dìde lọ. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti jẹ́ kí a sun pàǹtí nítòsí ilé mọ́. Garawa iyanrìn wà lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́dọ̀ ọdẹ, a sì ń kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ sínú ìwé méjì tí kì í sùn sábẹ́ òrùlé kan náà.

Ohun tí ń dáná sílẹ̀ nílé wa lónìí ti yàtọ̀ sí ti Òṣoògùn. Wáyà tí ó ti bó ni, sílíńdà gáàsì tí ń jò ni, epo bẹntiróòlù tí a dà sínú jẹnẹrétọ̀ tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò sáré bu omi sí iná epo, omi a sì gbé epo náà tàn káàkiri ilẹ̀. Iyanrìn ni í pa á, tàbí ìdérí ìkòkò bí ó bá jẹ́ inú ìkòkò ni ó ti ń jó. Àwọn baba wa tí wọ́n kọ́ ilé ìdáná sí ẹ̀yìn, jìnnà sí ibi tí ènìyàn ń sùn, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Crowther kò jókòó ti eérú. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1864, ọdún méjì péré lẹ́yìn iná náà, wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ìtọ́jú àwọn ìjọ Odò Ọya sì di tirẹ̀. Iṣẹ́ náà gbà á ní ọjọ́ orí àti agbára. Ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ àlùfáà òyìnbó kan dìde sí i, wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì jẹ́ ìbànújẹ́ ńlá fún un. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ Bíbélì kò dúró. Àwọn mìíràn bá a dáwọ́ lé e, odindi rẹ̀ sì jáde ní èdè Yorùbá ní 1884, ọdún kan lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀, Àfàlà, ti kú. Òun fúnra rẹ̀ kú ní Èkó ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891. Ní 1901, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ni ìjọba dá ẹgbẹ́ panápaná sílẹ̀ ní Èkó lábẹ́ àwọn ọlọ́pàá.